Igba Ni, Tún Un Kà

Dúńdíì, Sìkọ́tíláǹdì
6 Oṣù Kẹwàá, 2024

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo kí pọ̀, torí mi ò mọ ìgbà tí Joy máa ráyè tẹ lẹ́tà yìí jáde fún yín ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń lo oògùn tí mo fi rán Ẹ̀bùnolúwa, ọmọ Pásítọ̀, àbí ẹ tún ti pín in fún àwọn ìyá ìjọ? Àlàáfíà ni mo wà. Òjò ibí kò mọ̀ ju kó máa kán tótó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rọ̀ dáadáa, kò sì ní dá.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, kíkọ là ń kọ ọ́, a kì í sọ ọ́ lórí fóònù tó ń já. Ó dáa. Mo ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ láti ìparí oṣù tó kọjá. Ẹnikẹ́ni ò lé mi. Ìwé ìgbélùú mi dúró digbí, ẹ má fòyà. Géèmù ni mo fẹ́ gbájú mọ́. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ṣe é ní gbogbo Sátidé, ṣùgbọ́n géèmù kò fẹ́ kéèyàn máa fi ọwọ́ kan ṣe é; ẹni tó bá fẹ́ rí nǹkan gidi nídìí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi ara jìn ín. Mo fún ara mi di oṣù Kẹfà ọdún tó ń bọ̀. Bí kò bá jẹ́ títí di ìgbà náà, màá padà lọ bẹ ọ̀gá mi.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí oko Bàbá fún mi. Ẹ ya àwòrán ahéré rẹ̀, àti odò, àti ibi tí iṣu rẹ̀ máa ń wà. Ẹ bá mi ka iye ebè tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo nílò rẹ̀ fún géèmù náà.

Ọmọ yín,
Moróhunfọ́lá


Ilé Ìbítóyè, Osi
2 Oṣù Kọkànlá, 2024

Moróhunfọ́lá Àbẹ̀ní, ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara le, orúnkún ń ṣe bó ṣe wù ú. Ìyá Wisdom nínú ìjọ wa ní kí n kí ọ.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀rọ Joy kò tẹ àmì ohùn kankan sórí rẹ̀, àpótí kéékèèké ló ń tẹ̀ síbi tó yẹ kí àmì wà, àfi bí ìwé tí èkúté jẹ. Àmọ́ ohun tí mo rí kà níbẹ̀ tó mi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olùkọ́. Kò sí ìkọkúkọ tí n kò rí rí.

Géèmù! Ìwọ, ọmọ Ìbítóyè akọ̀wé káńsù! Àwọn ọmọkùnrin tó ń jókòó síwájú kíóòsì ní ìkóríta wa níbí, géèmù náà ni wọ́n ń ta, bébà pélébé lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀lù ìlú tí wọn ò mọ̀. O wá ní bí kò bá jẹ títí di oṣù Kẹfà. Àbẹ̀ní, kì í jẹ! Ṣé o ti gbàgbé Bàbá Koro, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ? Púùlù ló ta tí ilẹ̀ rẹ̀ fi tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní abala-abala. Títí ó fi kú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa jẹ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ebè. O fẹ́ kí n lọ ka ebè olóògbé kí o lè rí nọ́ńbà mú! Àwọn oní-púùlù ayé ijọ́un náà, wọ́n máa ń lọ wá nọ́ńbà lára ibojì. N kò rò pé màá bí ọ̀kan nínú wọn.

N kò lọ. N kò tíì tẹ ọ̀nà oko yẹn láti Sátidé tí Dáúdà fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé bàbá rẹ bọ̀ láti ibẹ̀, tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé. Dáúdà fúnra rẹ̀, tí òun àti bàbá rẹ jọ ń ṣe oko láti ìgbà èwe, ti wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n jẹ́ kí òun gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. N kò gbà fún un.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ dé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ. Ọjọ́rú mẹ́ta la ń fi gbààwẹ̀ lórí rẹ. A kò dárúkọ rẹ o, a ní "ọmọbìnrin kan ní òkè òkun tí ẹ̀mí tẹ́tẹ́ dè." Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀, torí pé mo sunkún.

Padà sí ọ́fíìsì.

Ìyá rẹ,
Damaris Ìbítóyè


Dúńdíì
5 Oṣù Kọkànlá, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin kan bi mí bóyá ara mi yá. Nígbà tí mo délé, mo wá sunkún.

Màmá, mi ò ta tẹ́tẹ́. Ẹ rántí suwé tí mo máa ń fà sójúde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí mo jí nínú báàgì yín? Ẹnì kan ló kọ́kọ́ ronú rẹ̀, tó ní kí a fò níbí, kí a má tẹ ìlà lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni mo ń ṣe, àfi pé orí fóònù àti kọ̀ǹpútà ni mo ń fa tèmi sí. Èmi nìkan ni mo ń ya àwòrán rẹ̀, èmi ni mo ń kọ òfin rẹ̀, èmi náà ni mo ń wá àṣìṣe inú rẹ̀ títí ojú á fi máa ta mí. Ohun tí mo fi ń jẹun ni àwọn irinṣẹ́ kéékèèké tí mo ń kọ fún àwọn èèyàn. Mo kọ ọ̀kan fún oníbúrẹ́dì àdúgbò mi, tó ń sọ iye búrẹ́dì tí yóò yan lọ́jọ́ òjò kó má bàa ṣẹ́kù. Mo ti kọ ọ̀kan fún ẹ̀rọ Joy náà, mo fi ránṣẹ́ sí i lánàá. Bó bá fi sí i, àmì ohùn á máa jáde. "Bí kò bá jẹ́" ni mo kọ, Màmá. Jẹ́, bí oògùn ṣe ń jẹ́.

Oko Bàbá ni eré náà. Ẹni tó bá ń ṣe é á kọ ebè, á gbin iṣu, á máa tẹ̀lé ọkùnrin kan tó dé akẹtẹ̀. Ẹ̀yìn ọkùnrin náà nìkan là ń rí. Mi ò lè ya ojú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dán an wò, ojú ẹni tó ń bínú ló ń jáde lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo ń bọ̀ níbí, ní oṣù Kìíní ọdún 2019, gbogbo yín lẹ sìn mí dé gáréèjì Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Bàbá nìkan ni kò wá. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó gba oko lọ, kò wẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìgbà náà, bí mo bá pè é, òjò àti oòrùn nìkan la máa ń sọ. Nígbà tó kú, ìwé mi wà lọ́wọ́ ìjọba, mi ò lè wá sin ín. Ṣé Bàbá bínú sí mi títí ó fi lọ ni? Kò sí ẹni tí mo lè bi. Mo kàn rò pé bí mo bá rí oko náà bó ṣe fi í sílẹ̀, màá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Moróhunfọ́lá


Osi
18 Oṣù Kejìlá, 2024

Àbẹ̀ní,

A kú ọdún, a kú ìyèdún. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti bó. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Ààwẹ̀ kò ṣòfò ṣá: Ìyá Wisdom ní kí a yí i sí àdúrà pé kí iṣẹ́ rẹ ó jẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn lókè. Ẹ̀rọ Joy ti ń tẹ àmì geerege. Ó ní àwọn olùkọ́ ti ń wá láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin wá tẹ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá lọ́dọ̀ òun.

Joy fi àwọn àwòrán eré rẹ tí o fi ránṣẹ́ sí i hàn mí, ó sì jẹ́ kí n gbọ́ ohùn inú rẹ̀. Mo ní kó tẹ̀ wọ́n jáde, mo sì fi bíírò pupa ṣe é bó ṣe yẹ. Ta ló kọ ẹnu ọ̀nà ahéré sí ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé? Bàbá rẹ ò ya wèrè. Iṣu rẹ ti yọ ọwọ́, o ò ri ọ̀pá fún un. Kí ni kó gùn, afẹ́fẹ́? O ò fi koríko dé orí ebè, oòrùn á se èèbù mọ́ inú rẹ̀. Ta ló sì ń ka ebè ní ọgọ́rùn-ún? Igba là ń fi ka ebè. Bí o bá ka ogún, o ju òkúta kan sápò. Bí òkúta bá pé mẹ́wàá, igba pé nìyẹn, o lè lọ mumi. Ohùn inú eré náà ń pe "iṣu" bí ará Ìbàdàn. Uṣu là ń pè é nílé wa, àbí òtútù ti gbé e lọ lẹ́nu rẹ?

Ní ti bàbá rẹ, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí mo bá ní kò bínú, irọ́ ni mo pa, torí pé n kò bi í. Lọ́jọ́ tí o lọ, ìrọ̀lẹ́ ló tó dé, ó wẹ̀, ó ní oúnjẹ ò wu òun. A ò sọ ọ́ mọ́. O mọ irú ẹni tó jẹ́: ó lè fi ọjọ́ mẹ́ta ro ọ̀rọ̀, kó má sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹrin.

Ti oko yẹn, má fi bẹ̀ mí mọ́.

Ìyá rẹ


Dúńdíì
11 Oṣù Kìíní, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun. Mo ti yí ẹnu ọ̀nà ahéré. Mo ti ri ọ̀pá. Mo ti fi koríko dé gbogbo orí ebè, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló gbà mí. Hikmah, ọ̀rẹ́ mi ará Ìlọrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, ló kọ́kọ́ ṣe eré náà dé òpin. Ó ní ó dùn, àmọ́ ó ní àṣìṣe kan wà níbẹ̀: òfin eré ní igba ebè ni, ṣùgbọ́n òun ka ebè inú àwòrán, ó jẹ́ igba ó lé kan.

Ó yà mí lẹ́nu. Mi ò wo ìwé kankan ya oko náà, orí ni mo fi yà á. Mo wá rántí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí Bàbá bá kọ ebè tán ní Sátidé, á ní kí n kà á fún òun. Màá kà á, màá ní, "Igba ó lé kan, Bàbá." Á ní, "Igba ni. Tún un kà." Màá tún un kà, yóò tún jẹ́ igba ó lé kan. Á ní, "Igba ni, àbí o fẹ́ bá mi jiyàn?" Á wá máa rẹ́rìn-ín nìkan. Akọ̀wé káńsù tó ń kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní agbègbè wa sínú ìwé, kò lè ṣì í kà. Àbí èmi ni mo ń ṣì í kà?

Mo ti kọ irinṣẹ́ kékeré kan fún yín. Ó wà lórí fóònù yín báyìí, Joy ti bá mi fi sí i. Bí ẹ bá tẹ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á ka ení, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, á ka èjì, ohùn mi ni. Bó bá dé igba, á ní ó pé.

Ẹ ní kí n má bẹ̀ yín mọ́, mo ń bẹ̀ yín. Ẹ wà ní máìlì méjì sí oko náà. Mi ò rí ibojì Bàbá, mi ò rí oko rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ sì lè rí i, ẹ ò wò ó. Ẹ ò jẹ́ kí Dáúdà ro ó, ẹ ò ro ó fúnra yín. Ṣé ẹ fẹ́ kí Bàbá kú lẹ́ẹ̀kejì ni?

Moróhunfọ́lá


Dúńdíì
23 Oṣù Kejì, 2025

Màmá mi,

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ ò gbé ìpè mi, Joy sì ní ẹ ò yà ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Kò yẹ kí n kọ gbólóhùn yẹn. Mo kà á lẹ́yìn tí mo ti fi ránṣẹ́, ojú sì tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, kódà kó jẹ́ èébú. Ẹ fi oko sílẹ̀. Màá yọ ebè kan kúrò nínú àwòrán, kò ní sí ẹni tó máa mọ̀.

Àbẹ̀ní yín


Osi
9 Oṣù Kẹta, 2025

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Má yọ nǹkan kan kúrò.

Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí. Mo kọ èsì kan tí o kò ní fẹ́ kà, mo fà á ya. Mo kọ òmíràn, mo tún fà á ya. Ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn, kì í ṣe pé mo kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò kúkú jẹ́ kí n gbádùn, torí òótọ́ wà níbẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo pe Dáúdà, mo ní kó gbé mi lọ sóko. Ó fi aṣọ nu ìjókòó ọ̀kadà. Nígbà tí a dé orí òkè tí èèyàn ti ń rí ahéré lókèèrè, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn ìyókù. Ó ti ọ̀kadà tẹ̀lé mi, kò tan án.

Iná ti jó igbó ibẹ̀ nínú ọyẹ́, ilẹ̀ dúdú, gbogbo ebè hàn kedere. Dáúdà ló bá wa wa iṣu ọdún yẹn lẹ́yìn ìsìnkú. Ojú ibi tó ti wà á ṣì wà lára ebè kọ̀ọ̀kan. Ahéré ti wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo dúró níbẹ̀, mo sunkún tó wù mí, Dáúdà yí ojú sí odò.

Lẹ́yìn náà mo tẹ ẹ̀rọ rẹ. Ebè kan, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ ń ní ení, èjì, ẹ̀ta, ó wá dà bí ẹni pé ìwọ ló ń rìn níwájú mi tí o wọ aṣọ ilé-ìwé. N kò gbọ́kàn lé ẹ̀rọ ṣá. Mo ń ju òkúta sápò ní ogún-ogún. Nígbà tí òkúta pé mẹ́wàá, ohùn rẹ ní, "Ó pé." Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn mọ́. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀ní, ebè kan ṣẹ́kù.

Ìdí igi kajú ló wà, ó dá dúró síbi tó jìnnà díẹ̀ sáwọn yòókù. Iná kò dé ibẹ̀. Ẹnì kan ti ro àyíká rẹ̀. Ọ̀pá wà lórí rẹ̀, ìtàkùn gbígbẹ lọ́ mọ́ ọ̀pá náà, kò sì sí ojú ọkọ́ lára rẹ̀. Mo bi Dáúdà pé kí ló dé tí kò wa èyí nígbà tó ń wa ìyókù.

Ó ní, "Ìyá, uṣu ìyẹn kì í ṣe tiyín, kì í ṣe temi. Ti Fọ́lá ni. Èènì ni."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wá sọ ọ́ fún mi. Òun ló ń ro àyíká rẹ̀, iṣu náà sì tún hù fúnra rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọdún tí a bí ọ ni bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé méjì ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ kó tó kàn ọ́. Ó ní bàbá rẹ kọ igba ebè tán lọ́jọ́ náà, ó na ẹ̀yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó kọ ọ̀kan sí i. Ó ní bí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ bá wọn ọjà tán tó wá bu èènì lé e, èènì yẹn ló ń dùn mọ́ èèyàn jù, torí kì í ṣe pé èèyàn rà á; bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe ṣe fún òun. A kì í ka èènì mọ́ ọjà. A kì í sì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ fún ọ pé igba ni. Ìwọ kọ́ lò ń ṣì í kà, òun náà ò ṣì í kà.

Gbogbo iṣu tí mo fi ń gún iyán ọjọ́ ìbí rẹ, ebè yẹn ló ti ń wá. Èmi rò pé ó kàn ń ṣa èyí tó tóbi fún mi ni. Èmi olùkọ́ ìṣirò!

Mo wá béèrè ọjọ́ tí o lọ. Dáúdà ní ebè kan ṣoṣo ni bàbá rẹ kọ lọ́jọ́ yẹn, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Yóò kọ ọ́, yóò jókòó tì í, yóò tún fi ọwọ́ pa á. Nígbà tí Dáúdà ní ṣé kò ní lọ sí gáréèjì ni, ó ní, "Bí mo bá dé ibẹ̀, màá ní kó má lọ. Bí mo bá sì ní kó má lọ, kò ní lọ. Ó sì yẹ kó lọ." Láti ìgbà náà, ọdọọdún ló ṣì ń kọ ọ́. Kò jẹ iṣu ibẹ̀ mọ́, èèbù ló ń fi í gé, tó tún ń gbìn ín. Mo bi Dáúdà pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ìgbà yìí. Ó ní, "Ẹ ò bi mí, Ìyá. Ẹ ò sì wá."

O bi mí léèrè, mo ní n kò mọ̀. Mo ti mọ̀ báyìí. Kò bínú sí ọ. Wò ó dáadáa nínú fọ́tò lẹ́tà yìí tí Joy máa yà: mo fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

A wa ebè náà. Iṣu àmúlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan gùn tó apá mi. Méjì ni mo ti bọ̀, tí mo sá sórí òrùlé, yóò di èlùbọ́. Ẹ̀bùnolúwa ń padà sọ́hùn-ún lẹ́yìn Àjíǹde, òun ni yóò mú un bọ̀. N kò tọ́ ọ wò o, kì í ṣe tèmi. Ẹ̀kẹta ni mo gé ní èèbù. Dáúdà yá mi ní ọkọ́, mo fi ọwọ́ ara mi tún ebè náà kọ. Ó wọ́ díẹ̀. Mo ní kí Dáúdà gbin ẹ̀gẹ́ rẹ̀ síbi tó kù, àfi ìdí kajú.

Ìyá rẹ,
Damaris


Dúńdíì
4 Oṣù Karùn-ún, 2025

Màmá mi,

Èlùbọ́ dé. Mo rò ó lánàá, èmi àti Hikmah la jọ jẹ ẹ́. Ó rò pé ata ló ń pa mí lójú. Mo ti kó ìyókù sínú ike, mo kọ "Èènì" sára rẹ̀, mi ò sì mọ ìgbà tí màá lè jẹ ẹ́ tán.

Mo lẹ fọ́tò lẹ́tà yín mọ́ ògiri, lókè kọ̀ǹpútà mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé ìbéèrè kan káàkiri, Màmá. Bí mo bá jí láàárọ̀ báyìí, màá wá a, mi ò ní rí i mọ́. Ẹ ṣeun tí ẹ fi orúnkún yẹn rìn ín. Ẹ dárí jì mí, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti oṣù Kìíní.

Mo ti lè ya ojú Bàbá. Ó jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí mo dán an wò.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà ni màá gbé eré náà jáde fún aráyé. Mo ti yọ ohùn tó ń ní "Ó pé" kúrò. Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó wà ní ìparí rẹ̀, Hikmah pàápàá ò mọ̀. Ẹ lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Joy, kí ẹ ṣe é fúnra yín. Ẹ má jẹ́ kí Joy bá yín ṣe é.

Àbẹ̀ní


Osi
21 Oṣù Kẹfà, 2025

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi ṣe eré rẹ. Ìka mi ò yá mọ́, mo sì ba ebè méjìdínlógún jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá Wisdom jókòó tì mí, ó ń pariwo pé kí n dé e lórí, oòrùn ń bọ̀. Ohùn inú rẹ̀ pe "uṣu," gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló patẹ́wọ́. Mo wo ahéré dáadáa. Ẹnu ọ̀nà wà níbi tó yẹ.

Lánàá ni mo kọ ebè tó kẹ́yìn. Joy ń bá mi kà á, èmi náà ń ju òkúta sápò ní ogún-ogún. Ó ní, "Màmá, igba ti pé, ẹ jẹ́ kí n pa á, iná fẹ́ lọ." Mo ní kó dúró. Mo rìn kọjá gbogbo ebè, mo dé ìdí kajú, mo kọ ọ̀kan sí i.

Ọkùnrin tó dé akẹtẹ̀ wá yíjú padà. Àbẹ̀ní, bàbá rẹ ni. O tiẹ̀ ya àpá abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, èyí tí igi ahéré ṣá a. Kò bínú. Ó wá jókòó ti ebè náà, ó fi ọwọ́ pa á, ọ̀rọ̀ sì jáde níwájú rẹ̀: "Igba ni. Tún un kà."

Joy ní, "Ẹ̀rọ yìí ò mọ ìṣirò o, Màmá, igba ó lé kan ni." Mo ní kó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Oṣù Kẹfà tí o dá fún ara rẹ ti dé. N kò mọ bó ṣe ń lọ sí lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Ní Osi níbí, ó ti jẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn lókè. Má padà sí ọ́fíìsì kankan nítorí tèmi. Uṣu rẹ ti ta, ó ti gun ọ̀pá kọjá orí mi. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ wò ó, Dáúdà ló ń gbé mi.

Nígbà tí iná lọ tí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, mo ṣì jókòó síbẹ̀, mo kó òkúta jáde nínú àpò mi sórí tábìlì Joy. Ó pé mẹ́wàá. Ọmọ mi, mo tún un kà.

Igba ni.

Ìyá rẹ,
Damaris Ìbítóyè